Níbo Lẹ Ti Ń Bọ̀?

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo fi jáde nílé ní Ìkòròdú. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2023. Òjò ti rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó wà nínú báàgì mi ni omi ìgò méjì, aṣọ ìpààrọ̀ kan, àti sílípáàsì tuntun kan tí mo fi ìwé ìròyìn dì. Búrẹ́dì mi wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́. Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń lọ, ẹsẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi rìn débẹ̀.

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí àwa ará Ìkòròdú. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Mile 12 tó bíi kìlómítà 13. Láti Mile 12 dé CMS ní erékùṣù Èkó, ó jẹ́ 22. Ojú ọ̀nà yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́kọ́ là fún bọ́ọ̀sì BRT ní ọdún 2008, wọ́n sì fà á dé Ìkòròdú ní 2015. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì náà lọ, mo ti wọ̀ ọ́ bọ̀, débi pé mo lè di ojú mi kí n ka gbogbo ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, bí igi ni gbogbo ènìyàn tó dúró lẹ́bàá títì ṣe ń rí lójú rẹ̀.

Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ nílé wa tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí rí, Èkó ni òun sì ti ń bọ̀. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní àdúgbò kan tó yà kúrò lára títì Adéníji Adélé. Ní oṣù keje ọdún 1993, lẹ́yìn tí ìjọba ológun Babangida fagi lé ìdìbò June 12, àwọn èwe tú síta, táyà ń jó níbi gbogbo, kò sí mọ́tò. Bàbá mi gbéra, ó forí lé ilé. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kì í sọ ti iná tàbí ti ìbọn bí ó bá ń ròyìn ọjọ́ yẹn. Ti ìyá àgbà kan ló máa ń sọ, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tó kọjú sí ọ̀sà, tó pè é pé, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti ń bọ̀, níbo lò ń lọ?" Bí ìyá náà ṣe gbọ́ pé Ìkòròdú ni, ó ní kó jókòó ná. Ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tí awọ rẹ̀ ti já, ó wọlé, ó sì mú sílípáàsì ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé jáde. Òun ni bàbá mi wọ̀ dé ilé. Kò béèrè orúkọ ìyá náà. Yàtọ̀ sí orúkọ òpópónà náà, àmì kan ṣoṣo tó fún wa nípa ilé náà ni pé igi máńgòrò kan wà níwájú rẹ̀.

Bàbá mi kú ní ọdún 2022. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo tí a ń rà ní owó tí kò tó igba náírà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, wọ́n gbé bàtà iṣẹ́ sínú ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ bàbá mi wá ń padà sí mi létí. Mo ra sílípáàsì, mo ní màá wá ilé onímáńgòrò yẹn lọ, màá sì fi ẹsẹ̀ wá a.

Ní Májídùn ni ilẹ̀ ti mọ́ bá mi. Àwọn apẹja ti wà lórí omi, obìnrin kan sì ń din àkàrà lórí ẹ̀rọ gáàsì kékeré lẹ́bàá afárá. Òun ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn. "Ẹ kú ìrìn o, mà." Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Yorùbá ní kíkí fún gbogbo ìṣesí ènìyàn, ti ẹni tó jókòó, ti ẹni tó dúró, ti ẹni tó ń rìn, ṣùgbọ́n mo ti gbé ní Èkó pẹ́ débi pé n kò rántí ìgbà tí ẹnì kan kí mi kú ìrìn kẹ́yìn. Mo ra àkàrà, ó fi méjì lé e.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ìsọdá Ajégúnlẹ̀, dánfó kan rí mi kedere lẹ́bàá kòtò omi, ó sì wakọ̀ gba inú omi náà kọjá. Ẹrẹ̀ dé ojú mi. Kọ́ńdọ́ tó so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ń rẹ́rìn-ín, àwọn èrò inú ọkọ̀ náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ yẹn kò dùn mí tó àwọn èrò wọ̀nyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹsẹ̀ rìn lọ́sẹ̀ yẹn.

Mo dé Mile 12 nígbà tí ọjà ti gbóná. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé tòmátò, ata àti àlùbọ́sà tó ń ti Òkè Ọya wá ló ń já síbẹ̀, àwọn alábàárù sì ń fi ọmọlanke gba àárín èrò kọjá bí ẹni tí iná ń lé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa dínà fún wọn. Ọmọkùnrin Hausa kan, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, dá ọmọlanke rẹ̀ dúró níwájú mi. "Hájíyà, ibo lẹ ń lọ?" Mo ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó tún bi mí bóyá olè ni ó jí owó mi. Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ rìn ni. Ó nawọ́, ó gba báàgì mi, ó sọ ọ́ sórí ọmọlanke, ó sì tì í níwájú mi kọjá gbogbo ọjà náà títí dé ibi tí èrò ti fọ́n ká ní ọ̀nà Ketu. Ẹ ronú sí i: owó oúnjẹ rẹ̀ ni àkókò yẹn. Nígbà tí mo fún un ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún náírà, ó gba igba péré, ó ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni iye tí òun ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lẹ́rù, báàgì mi kì í sì í ṣe ẹrù. Ó ní igba náà fún omi ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, àlejò ló ṣe mí lálejò.

Ọkùnrin kan tún bá mi rìn ní agbègbè Ọjọ́ta. Ó mọ́ tónítóní, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní òun náà ń fẹsẹ̀ lọ sí Yábàá nítorí owó ọkọ̀. A jọ sọ̀rọ̀ epo, a jọ sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé. Ó bá mi gbé ọ̀rá búrẹ́dì mi, níbi tí mo ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà sí pẹ̀lú. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn èrò ti pọ̀, mo yíjú wo ọ̀nà, mo yíjú padà, n kò rí i mọ́. Ìwà tí ọkùnrin yìí hù ló bà mí nínú jẹ́ jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà, nítorí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀, ó tẹ́tí sí mi kó tó ṣe é. Mo rántí ìtàn Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton, òyìnbó arìnrìnàjò nì, tí wọ́n jọ kúrò ní Àgbádárìgì ní oṣù kejìlá ọdún 1825, tí wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá títí dé Ṣókótó. Ìlú dé ìlú ni àwọn ọba ń gbà wọ́n lálejò. Clapperton kú sí Ṣókótó ní 1827. Lander nìkan ló padà dé Àgbádárìgì, ibẹ̀ sì ni àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú, aláwọ̀ funfun bíi tirẹ̀, ti lọ sọ fún ọba pé amí ni. Wọ́n fún un ní májèlé mu. Orí ló yọ ọ́.

Lẹ́yìn Maryland, oòrùn mú. Mo dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, igi ńlá kan ṣíji bo pèpéle rẹ̀. Mo jókòó. N kò tíì ṣí ìgò omi tán tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì fi dé. "Màmá, ẹ dìde. Wọn ò gba ìjókòó níbí." Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, pé orúnkún ń dùn mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọlé, ó gbé korobá omi jáde, ó sì da omi náà sórí pèpéle, kí ẹnikẹ́ni má lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo ṣàkíyèsí pé òun alára kò ní àga. Láti àárọ̀ ni ó ti wà ní ìdúró lẹ́nu géètì yẹn, èmi tí mo jókòó sì wá dà bí ẹni tó ń jẹ ohun tí wọ́n fi du òun. Àlàyé ni mo ń ṣe yìí o. N kò sọ pé ohun tó ṣe dára. Kò dára.

Ní Fádèyí, mo ti ń tiro. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti lé ròrò, bàtà sì ń ha á. Fọkanáísà kan tó wà lẹ́bàá títì gbójú sókè nídìí táyà tó ń lẹ̀. "Ìyá mi, níbo lẹ ti ń bọ̀ tí ẹ ń rìn báyìí?" Mo ní Ìkòròdú. Ó sọ irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ni táyà yín. Táyà tó ti ń yọ̀ báyìí, ẹ fẹ́ fi lọ Èkó?" Ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, pákó gígùn kan tó gbé ka orí ògbólógbòó táyà méjì. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì, ó fi owó ara rẹ̀ ra òwú, oògùn àti báńdéèjì, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó gbé wọn fún mi. Mo lo bíi wákàtí kan níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin mìíràn wá jókòó sórí bẹ́ńṣì náà kí n tó dìde. Ẹyọ kan péré ló ní táyà láti lẹ̀. Obìnrin kan wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bàbá arúgbó kan kàn jókòó, ó mí, ó kí wa, ó lọ. Mo bi fọkanáísà náà bóyá kò ń dí i lọ́wọ́. Ó ní bẹ́ńṣì ni, kì í ṣe oúnjẹ, kì í tán.

Ó rí sílípáàsì nínú báàgì mi nígbà tí mo ń wá owó, ó sì bi mí ìdí tí n kò fi wọ̀ ọ́. Mo sọ fún un pé ti ẹlòmíràn ni. Ó mi orí, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n bá òun kí wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Láti Yábàá títí dé Òyìngbò, n kò rí ohun púpọ̀ ròyìn; ìrora ni mo ń bá fà á. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀. Ní ọdún 1867, nígbà tí wọ́n kọ lu àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta, ohun tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé, ọ̀pọ̀ àwọn Ẹ̀gbá sá wá síhìn-ín. Kò sí reluwé nígbà náà, kò sì sí mọ́tò. Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, àwọn ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ di òní. Ìwé ìtàn sọ ti ẹni tó fún wọn nílẹ̀. Ẹni tó fún wọn lómi lójú ọ̀nà, ìwé kò sọ ọ́.

Mo kan afárá Carter ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní 1901, wọ́n sì ti tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Òun ni afárá tó dàgbà jù láàárín Èkó àti òkè. Èrò tó ń bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà pọ̀ bí omi. Níbẹ̀ ni ọmọ kékeré kan, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti di ìró mi mú lẹ́yìn. Owó ló ń tọrọ. Ó ti rẹ̀ mí, wọ́n ti jí owó mi, ẹsẹ̀ ń ta mí, mo sì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù láìwo ojú rẹ̀. Ọmọ náà sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, mà."

Mo ti rìn tó ogún ìṣísẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Mo yí padà. Mo wá a lọ sókè, mo wá a lọ sísàlẹ̀, mo bi obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ bóyá ó rí i. Èrò ti gbé e lọ. Ẹni tó da omi sórí pèpéle ṣe mí ní ibi, èmi náà sì ṣe é sí ọmọ ọlọ́mọ kí oòrùn ọjọ́ kan náà tó wọ̀. Títí di òní, n kò lè fi nǹkan kan bo èyí mọ́lẹ̀.

Títì Adéníji Adélé ń bá etí ọ̀sà lọ ní apá àríwá erékùṣù. Orúkọ Ọba Adéníji Adélé Kejì, tó jẹ ọba Èkó láti 1949 títí di 1964, ni wọ́n fi sọ ọ́. Lókè orí rẹ̀ ni Third Mainland Bridge ti ń sọ̀ kalẹ̀, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1990. Àwọn tó ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ mọ orúkọ àdúgbò yìí bí ibi tí ènìyàn ti ń yà kúrò lórí afárá ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bí ilé wà nísàlẹ̀, nínú àwọn òpópónà tóóró tó lọ sí ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànran, ààfin ọba Èkó, àti sí Ẹ̀bútè Èrò. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ẹ̀bútè èrò ni, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já arìnrìnàjò àti ọlọ́jà sílẹ̀. Èkó ti ń gba àlejò ní etí omi yìí kí a tó mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́tò. Ó sì ti lé ọmọ ara rẹ̀ jáde níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín erékùṣù, tí wọ́n ń kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè, ará ilé kan sì di àjèjì sí ara wọn.

Ní ẹnu òpópónà tí bàbá mi máa ń dárúkọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin jókòó sórí ọ̀kadà tí kò ní táyà. Ọ̀kan dìde. "Ta lẹ ń wá?" Ojú rẹ̀ le. Ní òpópónà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń yọjú wo ilé kiri lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, n kò bá wọn wí. Mo sọ ìtàn náà látòkè délẹ̀: June 12, ìyá àgbà, ẹ̀kọ, máńgòrò. Wọ́n dákẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ le náà gba báàgì mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bi Alhaja."

Alhaja ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Magribi tán ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè ohun tí mo ti ń retí láti Ìkòròdú wá: "Ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ̀?" Mo tún ìtàn náà sọ. Ó di ojú, ó ń ronú. Ó ní máńgòrò mẹ́ta ló wà ní òpópónà yìí nígbà náà, wọ́n ti gé gbogbo wọn. Ó dárúkọ ìyá márùn-ún tó lè jẹ́ ẹni tí mo ń wá, gbogbo wọn ló ti kú, ilé mẹ́ta nínú ilé wọn sì ti di ilé alájà mẹ́rin. Ó ní lọ́dún yẹn, kò sí ilé kan tí kò gbé oúnjẹ síta fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ lọ, nítorí náà òun kò lè sọ ẹni tó jẹ́. Ó bi mí bóyá bàbá mi sọ pé ìyá náà ní ilà lójú. Bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mú sílípáàsì jáde, mo ní kí Alhaja gbà á lórúkọ àwọn ìyá náà. Kò wò ó. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, báńdéèjì tó ti dúdú, ẹ̀jẹ̀ tó hàn nínú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Nígbà tí mo fọ ẹsẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìwé ìròyìn náà, ó gbé sílípáàsì síwájú mi, ó sì ní, "Wọ̀ ọ́." Mo wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti ẹja wá. Sílípáàsì náà ni mo wọ̀ wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìkòròdú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, gbèsè bàbá mi sì wà lọ́rùn mi síbẹ̀.

Ní gbogbo kìlómítà náà, bí mo bá yọ ibùdókọ̀ BRT sílẹ̀, bẹ́ńṣì méjì péré ni mo rí tí ẹni tí kò ra nǹkan kan lè jókòó sí, ti fọkanáísà Fádèyí àti ti Alhaja. Ẹ̀yin tí ilé yín, ṣọ́ọ̀bù yín tàbí mọ́ṣáláṣí yín wà lójú ọ̀nà láti Ìkòròdú dé Ìdúmọ̀tà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé bẹ́ńṣì kan síta. Bí agbára bá gbé e, ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.